Oògùn Ẹnìkan

Ìyókù ẹ̀kọ mímu kò tíì tutù nínú abọ́ nígbà tí Ìyá Àdìjátù yẹ̀ lórí àpótí tó jókòó lé, tó sì fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ràfátù, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ti wọ bàtà, ó ti gbé báàgì kọ́ apá, ó ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ ń tà. Ó gbọ́ gbì lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí yóò fi bojú wẹ̀yìn, ìyá ọkọ rẹ̀ ti wà nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán láti imú rẹ̀ sára ìbòrí funfun tó ti dà borí nítorí pé ọjọ́ Jímọ̀ ni.

"Ìyá! Ìyá o! Bàbá Tàófíìkì, ẹ sáré wá!"

Làtífù, ọkọ rẹ̀, jáde láti balùwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ ní àgbọ̀n, bíléèdì tó fi ń fá irùngbọ̀n ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe rí ìyá rẹ̀, bíléèdì bọ́ sílẹ̀. Àwọn méjèèjì gbé e jókòó. Ìyá la ojú, ó wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni pé kò dá a mọ̀ dáadáa. Ó ní, "Orí mi. Orí mi fẹ́ là." Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀, ó ń jáde bí ẹni tí iṣu gbígbóná dí lẹ́nu.

Rebecca, tíṣà ará Kabba tó háyà yàrá méjì lágbàlá wọn, ti múra iṣẹ́, ó ń ti ilẹ̀kùn lọ́wọ́. Ó ju àpò ìwé rẹ̀ sílẹ̀. "Òkun o, Màmá, òkun!" ó kí i bí wọ́n ṣe ń kíni ní Kabba. "Ẹ má jẹ́ kó gbé orí sẹ́yìn o, kí ẹ̀jẹ̀ má padà sọ́nà ọ̀fun." Kò dúró gbọ́ ìdáhùn, ó ti sáré dé títì lọ dá kẹ̀kẹ́ dúró. Wọ́n gbé Ìyá wọlé sínú kẹ̀kẹ́, Ràfátù gbé e lé àyà, Làtífù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ pẹ̀lú ọṣẹ tó ti gbẹ mọ́ ọn lágbọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: kì í ṣe pé wọn kò ra oògùn nínú ilé yìí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti sọ fún Ìyá Àdìjátù pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, wọ́n sì kọ oògùn fún un, hóró kékeré kan lójúmọ́, láì fo ọjọ́ kankan, títí ayé. Láti ìgbà náà ni owó oògùn ti ń gun òkè Patti tó ga lókè ìlú wa, kò sì sí ẹni tó rí i kó sọ̀ kalẹ̀ rí. Àwọn tó wà nípò kò lè mọ̀, nítorí orí tiwọn kì í fọ́ ní Lokoja, òkè òkun ni wọ́n ń gbé e lọ fọ́. Làtífù sì ń rà á bẹ́ẹ̀. Òjò ń jò sí wọn ní pálọ̀, owó páànù tó yẹ kó fi pààrọ̀ èyí tó ti dípẹtà, oògùn ló ń jẹ ẹ́.

Ràfátù ló sì ń fún Ìyá. Láràárọ̀, bí Ìyá bá ti jẹun tán, yóò kúnlẹ̀, yóò fi hóró kan sí i ní àtẹ́lẹwọ́, yóò gbé ife omi tì í, yóò sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó gbọ́dọ̀ yí ojú. Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ọmọ kékeré pàápàá kì í wo ẹni tó ń jẹun lẹ́nu, ká má tíì wá sọ ti ìyàwó níwájú ìyá ọkọ. Tó bá ti gbọ́ tí Ìyá ní, "Alihamudulilai," yóò kó ife, yóò gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ. Bó ṣe ṣe láàárọ̀ òní náà nìyẹn.

Ní ilé ìwòsàn, Nọ́ọ̀sì Sharon ló gbà wọ́n. Ọmọ Ígálà ni, ṣùgbọ́n àárín ọmọ Yorùbá ló dàgbà sí, Yorùbá rẹ̀ já gaara bó tilẹ̀ jẹ́ pé Píjìn kì í jìnnà sí i lẹ́nu. "Màmá, sọ́rì o. Sọ́rì. Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ fara balẹ̀." Ó di ohun tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ Ìyá lápá, ó fẹ́ ẹ, ó wo nọ́ńbà tó jáde, ó sì tún un wọ̀n. Ó kàn yára lọ pe dókítà.

Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n fún un ní oògùn abẹ́ ahọ́n, wọ́n tẹ́ ẹ síbi tí afẹ́fẹ́ wà. Nígbà tí ọ̀sán fi máa pọ́n, imú ti gbẹ, ọ̀rọ̀ ti ń já geere lẹ́nu Ìyá, ó sì ti ń béèrè bóyá wọ́n ti kírun Jímọ̀. Dókítà fi ọwọ́ nu ojú. "Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Díẹ̀ báyìí ló kù kó di rọpárọsẹ̀."

Ìgbà náà ni Ṣìfáwù dé. Òun ni àkọ́bí Ìyá, tí àwọn ẹgbẹ́ Ìyá fi ń pè é ní Ìyá Ṣìfáwù, ẹ̀gbọ́n Làtífù, ìyàwó òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé ní àdúgbò Lokongoma. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wọ yàrá ni ohùn rẹ̀ ti wọlé.

"Ta ló wà pẹ̀lú Ìyá mi? Mo ní ta ló wà pẹ̀lú rẹ̀?"

"Èmi ni, Àǹtí," Ràfátù dáhùn, ó kúnlẹ̀ kí i.

Ṣìfáwù kò dá ìkíni náà lóhùn. Ó lọ di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó bú sẹ́kún díẹ̀, ó nu ojú, ó sì kọjú sí gbogbo wọn.

Dókítà jẹ́ kí ẹkún náà tán. Ó ní, "Ìbéèrè kan ni mo ní, òótọ́ ni mo sì ń fẹ́. Ṣé Màmá ń lo oògùn wọn lójoojúmọ́? Bí wọ́n bá ń lò ó tí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣì ga báyìí, a jẹ́ pé agbára oògùn yẹn kò ká a, màá fi èyí tó le jù ú lọ kún un. Àmọ́ tí wọn kò bá lò ó déédéé, ẹ sọ ọ́ fún mi báyìí. Bí mo bá gbé èyí tó le lé ẹni tí kò lo tàkọ́kọ́ rárá, tó wá délé tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo méjèèjì pọ̀, ẹ̀jẹ̀ wọn lè já wálẹ̀ lójijì. Wọ́n á fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á ṣubú, ó sì lè jẹ́ pé wọn ò ní dìde mọ́."

"Wọ́n ń lò ó, Dókítà," Ràfátù sọ. "Èmi ni mò ń fún wọn. Láràárọ̀."

Ṣìfáwù rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú. "Láràárọ̀ kẹ̀? Ẹni tó ń lo oògùn láràárọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń dà nímú? Ìyàwó, bó bá jẹ́ pé ọjà ló gbà ọ́ lọ́kàn, sọ. Bó bá jẹ́ pé o gbàgbé ni, sọ ọ́. Èèyàn máa ń gbàgbé."

"Àǹtí, mi ò gbàgbé. Wàláhì, mi ò fo ọjọ́ kan."

"Bó bá jẹ́ ìyá tó bí ọ lọ́mọ ni ńkọ́? Ṣé báyìí ni wàá ṣe rìn ín?"

Ràfátù wo ọkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń wá lẹ́nu rẹ̀. Kó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń fún wọn," ó tó. Làtífù ń wo ilẹ̀. Ó fi èékánná ha ọṣẹ tó gbẹ mọ́ ọn lágbọ̀n, ó ń wo ilẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn dun Ràfátù wọ egungun, ó dùn ún ju gbogbo ẹnu Ṣìfáwù lọ. Lórí bẹ́ẹ̀dì, Ìyá tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ pa ojú dé.

Dókítà kọ oògùn tó le náà. Ìyá ní òun kò ní sùn níbẹ̀, kí wọ́n gbé òun lọ sílé òun. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ títí, dókítà gbà, ṣùgbọ́n ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ dá a padà wá láàárọ̀ ọ̀la, kó sì bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun náà lẹ́yìn ìrun alásárì, kó máa lò ó pọ̀ mọ́ ti tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ti ṣíwájú wọn délé. Nídìí ẹ̀rọ omi tó wà lójúde, àwọn obìnrin tó ń pọnmi ti ṣe ẹjọ́ náà, wọ́n ti dá a, wọ́n ti ju ẹni tó jẹ̀bi sẹ́wọ̀n. Ẹnìkan ní Ràfátù ń kó oògùn ìyá arúgbó lọ tà lọ́jà. Òmíràn ní ìyàwó òde òní, kí lẹ retí? Nígbà tí Ràfátù sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, gbogbo wọn kí i, ẹnu wọn dùn bí oyin. "Ẹ kú ìtọ́jú o, Ìyá Tàófíìkì! Ọlọ́run á fún yín ṣe!" Ó dáhùn. Kí ni yóò ṣe tí kò ní dáhùn?

Ó lọ sí ilé ìdáná, ó gbé omi kaná nítorí Ìyá kò tíì jẹ nǹkan kan láti ìgbà ẹ̀kọ àárọ̀. Làtífù tẹ̀lé e wọlé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó dà bí ẹni tó fẹ́ béèrè ohun tí wọn yóò jẹ.

"Ẹ dákẹ́, Bàbá Tàófíìkì," Ràfátù sọ láì bojú wẹ̀yìn. "Ẹnu yín wà níbẹ̀, ẹ sì dákẹ́."

"Kí ni kí n sọ? Mi ò sí níbẹ̀ tí o bá ń fún wọn."

"Ṣé ẹ bá irọ́ lẹ́nu mi rí?"

Ó tún fi èékánná ha àgbọ̀n.

"Mo ní, láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, ṣé ẹ bá irọ́ lẹ́nu mi rí?"

"Ràfátù, ara Ìyá kò yá. Ẹ̀gbọ́n mi ń sunkún. Ṣé ìgbà yẹn ni kí n máa..."

"Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni." Ó da gààrí sínú omi gbígbóná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Orógùn ń ró gbà-gbà lára ìkòkò. Làtífù dúró díẹ̀ sí i, ó sì lọ. Ẹ̀bà ọjọ́ náà le kokooko. Ìbínú ni Ràfátù fi rò ó, gbogbo ẹni tó jẹ ẹ́ ló mọ̀, kò sì sí ẹni tó lanu sọ ọ́.

Wọ́n kírun alásárì tán, gbogbo wọn péjọ sí yàrá Ìyá. Ìyá jókòó lórí ẹní, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ṣìfáwù jókòó tì í. Rebecca tó ti ibi iṣẹ́ dé ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, nítorí kò sí iná, ooru Lokoja sì ń ṣe bí ó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Làtífù mú káàdì oògùn tuntun náà jáde, ó ń tẹ hóró kan jáde nínú rẹ̀. Ràfátù dúró pẹ̀lú ife omi.

"Àsàlámù àlékùn."

Bàbá Kàsímù ni, aládùúgbò wọn tó ti fi ọkọ̀ ojú omi kó èrò sọdá odò ní gbogbo ìgbà ayé rẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì. Wọ́n fún un ní àpótí. Ó kí Ìyá, ó ṣe àdúà gígùn, gbogbo wọn ṣe àmín. Lẹ́yìn náà, ó wúkọ́, ó sì na àtẹ́lẹwọ́ síwájú tìtìjú-tìtìjú.

"Ìyá Ṣìfáwù, mo mọ̀ pé ara yín kò le lónìí o. Àmọ́ Jímọ̀ ni. Ṣé tèmi ti wà nílẹ̀? Orí ti ń fọ́ mi láti àná."

Kò sí ẹni tó yé nínú àwọn tó jókòó. Àwọn tó wà níbẹ̀ rò pé owó ni bàbá náà ń béèrè. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Ìyá Àdìjátù ti lọ. Ọwọ́ tí nǹkan ti mọ́ lára kì í dúró gba àṣẹ. Ó lọ sí ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, níbi tó máa ń so owó mọ́ nígbà tó ṣì ń tajà, ó tú kókó kékeré kan tó wà níbẹ̀, ó mú hóró oògùn kan jáde, ó sì gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ Bàbá Kàsímù. Hóró mìíràn ṣì kù nínú ìṣẹ́tí náà. Ìgbà tó gbójú sókè ló tó rí i pé gbogbo ilé ń wo òun.

Abẹ̀bẹ̀ dúró lọ́wọ́ Rebecca.

Ràfátù mọ hóró yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló fi í sọ́wọ́ Ìyá láàárọ̀.

"Ìyá," Ṣìfáwù sọ, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá, "kí lẹ fún wọn yẹn?"

"Sàárà ni," Ìyá dáhùn.

Bàbá Kàsímù kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọpẹ́ ló ń dá ní tirẹ̀. "Oògùn yìí dára, Ọlọ́run ló mọ̀. Ìyá Mùkáílà náà ń lò ó, ó ní ó ń bá òun mú ẹ̀yìn ríro rọlẹ̀. Jímọ̀-Jímọ̀ lèmi máa ń gba tèmi. Ẹni tó bá wá kí Ìyá láàárín ọ̀sẹ̀ náà kì í lọ lófo." Ó fẹ́ gbé e sẹ́nu.

"Ẹ dúró!" Ràfátù pariwo. Ó di ọwọ́ bàbá náà mú. Ní àkókò kan náà ló rántí ọ̀rọ̀ dókítà. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó já hóró tuntun náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin náà, ẹ dúró! Wọn ò lo tàkọ́kọ́ rí. Ẹ̀yin ò gbọ́? Wọn ò lò ó! Bí ẹ bá fún wọn ní méjèèjì, á gbé wọn ṣubú!"

Ó fa fóònù yọ, ó pe Nọ́ọ̀sì Sharon, ó tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo ilé lè máa gbọ́. Ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, "Jísọ́ọ̀sì." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa tí ẹ pè. Ẹ má pa fóònù o, màá béèrè lọ́wọ́ dókítà." Wọ́n gbọ́ tó ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀. Ó padà dé. "Dókítà ní ẹ má fún Màmá ní tuntun yẹn rárá. Ti tẹ́lẹ̀ nìkan, hóró kan, kó lo ti òní lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ẹ gbé e wá láàárọ̀ ọ̀la. Bàbá tó ń gba sàárà yẹn ńkọ́? Ẹ mú òun náà wá. Abẹ́g, a ò mọ ohun tó ń fọ́ orí tiẹ̀. Oògùn tó gba ẹnìkan là lè gbé ẹlòmíì dùbúlẹ̀."

Ràfátù gbé fóònù sílẹ̀. Ó yẹ kó yọ̀. Ìdí wà tó fi yẹ kó dúró láàárín yàrá yẹn, kó fi ọwọ́ lé ìbàdí, kó béèrè lọ́wọ́ Ṣìfáwù pé báwo ni? Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀, ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ó wo Ìyá. Ìyá ti fi ìbòrí bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ràfátù gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ sí ọ ní ilé ìwòsàn," Ìyá sọ lábẹ́ ìbòrí. "Mo gbọ́ ọ. Ojú ló tì mí. Ràfátù, dákun."

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ fi ń ṣe é?"

Ìyá ṣí ojú. Ó nu imú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Nígbà tí mo ń tajà, ta ló wọ ilé mi tó jáde lọ́wọ́ òfo? Ẹ bi Bàbá Kàsímù. Kò sí Jímọ̀ kan tí n kò ṣe sàárà. Ọjà tán. Ẹ̀yin lẹ ń bọ́ mi, ẹ̀yin lẹ ń wọ̀ mí láṣọ, mi ò ráhùn, Ọlọ́run má jẹ́ n ráhùn. Àmọ́ èèyàn ń wá kí mi, wọ́n ń jókòó, wọ́n ń ní orí ń fọ́ àwọn, ìka ń ro àwọn, wọn ò lówó ilé ìwòsàn. Kí ni mo ní? Oògùn yìí nìkan ni ẹ fi lé mi lọ́wọ́ láràárọ̀ tí ẹ ní tèmi ni. Ṣé kí n wá dá a jẹ? Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní."

Bàbá Kàsímù wo hóró tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó wo Ìyá, ó rọra fi hóró náà sílẹ̀ lórí ẹní, bí ẹni tó gbé ohun olóhun láìmọ̀. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, inú ń bí mi títí di báyìí, kì í sì í ṣe sí àwọn arúgbó méjèèjì. Ìlú tí àgbà ti ń na ọwọ́ gba oògùn lọ́wọ́ àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí pé àtiwo dókítà ti di ohun ọlọ́lá, ìlú náà ló yẹ kí ojú tì.

Ràfátù kúnlẹ̀ síwájú ìyá ọkọ rẹ̀. "Ìyá, òótọ́ lòwe yín. Oúnjẹ ni wọ́n pa á fún. Ẹ jẹ́ n bi yín ní nǹkan kan, ẹ̀yin tí ẹ fi aṣọ títà tọ́ ọmọ. Bí télọ̀ bá wọn yín, tó rán bùbá kan ṣoṣo fún yín, tí ẹ wá gé apá ọ̀tún fún Bàbá Kàsímù, tí ẹ gé apá òsì fún Ìyá Mùkáílà, ta ló rí aṣọ wọ̀ nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

Ìyá rò ó. Oníṣòwò ni, kì í dáhùn ọ̀rọ̀ ọjà láì rò ó. "Kò sí. Gbogbo wa la rìn níhòòhò nìyẹn."

"Kí èmi máa rìn níhòòhò nínú Lokoja?" Bàbá Kàsímù ní. "Ẹ yọ tèmi kúrò o!"

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Rebecca, ó fi abẹ̀bẹ̀ bo ẹnu, kò ràn án. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

"Dókítà ti wọn yín," Ràfátù ní. "Ara yín ló wọ̀n, kò wọn tẹlòmíì mọ́ ọn. Bí ẹ bá sì lo ti òní tí ẹ fi ti ọ̀la tọrẹ, ògiri tí ẹ mọ lónìí, ẹ̀yin náà lẹ tún lọ wó o lọ́la yẹn. Láràárọ̀ ni, Ìyá. Bí ara yá, bí ara ò yá."

"Gbogbo aláǹgbá ló da ikùn délẹ̀," Làtífù sọ, "a ò mọ èyí tí inú ń run. Bàbá, mo máa gbé yín dání lọ́la. Kí wọ́n wọn tiyín náà."

"Àti owó rẹ̀?" Bàbá Kàsímù béèrè.

"Páànù tó ti ń jò látẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kó jò sí i," Làtífù dáhùn.

"Sàárà mi ńkọ́?" Ìyá ní. Ohùn rẹ̀ kéré. "Jímọ̀ ṣì ni."

"Sàárà yín kò ní já," Ràfátù ní, ó sì dìde. Ògì tí wọ́n fi po ẹ̀kọ láàárọ̀ ṣì kù, kíkan rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Ó fi ìyẹ̀fun lù ú pọ̀, ó bu ṣúgà sí i, ó gbé epo kaná láti fi dín mọ́sà. Kò pẹ́ tí ẹnìkan fi wọ ilé ìdáná. Ṣìfáwù ni. Ó ti bọ́ yẹtí àti bàǹgù, ó ti ká apá aṣọ olówó iyebíye rẹ̀ sókè. Ó jókòó sórí àpótí ìdáná láì sọ nǹkan kan. Ó gba ṣíbí lọ́wọ́ Ràfátù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu mọ́sà sínú epo. Èéfín gba ojú rẹ̀, ó ń nu ojú, kì í sì í ṣe gbogbo omijé náà ni ti èéfín.

"Èyí pupa tó báyìí, Ìyàwó?"

"Ó tó, Àǹtí. Ẹ yí i padà."

Làtífù ní tirẹ̀ jáde lọ sójúde. Àwọn obìnrin ṣì wà nídìí ẹ̀rọ omi. Ó dúró níwájú wọn, ó sì sọ ọ́ ketekete, ọkùnrin tí kì í gbé ohùn sókè bí kò bá ṣe lọ́jà. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyàwó mi ń fún ìyá mi ní oògùn láràárọ̀. Kò fo ọjọ́ kan. Ibi tí oògùn ń gbà lọ ni a ò mọ̀, a ti mọ̀ ọ́n báyìí. Èmi tó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀ níbi tó ti yẹ, mi ò sọ ọ́. Mo ń sọ ọ́ níbí." Ràfátù ń gbọ́ ọ láti ilé ìdáná. Mọ́sà kan jóná lójú rẹ̀, kò tilẹ̀ rí i.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, tí Ìyá ti jẹun alẹ́, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ mọ́sà tó kún dẹ́ńdẹ́ níwájú. Ó ró ìró tuntun, ìṣẹ́tí rẹ̀ kò ní kókó. Àwọn ọmọ gbà, Rebecca gbà, àwọn obìnrin ẹ̀rọ omi wá gbà, wọ́n sì rọra kí Ràfátù lọ́nà mìíràn. Bàbá Kàsímù gba tirẹ̀, ó ní òun kò rí mọ́sà tó dùn tó báyìí láti ìgbà tí òun ti fi odò sílẹ̀.

Ìyá Mùkáílà ló dé kẹ́yìn. Ó gba mọ́sà, ó dúpẹ́, àmọ́ kò lọ. Ó tún na ọwọ́ kejì. "Ìyá, èyí tó ń bá mi mú ẹ̀yìn ríro rọlẹ̀ ńkọ́?"

Ìgbà náà gan-an ni Ràfátù kúnlẹ̀ pẹ̀lú ife omi, hóró alẹ́ sì ti wà ní àtẹ́lẹwọ́ Ìyá. Gbogbo wọn rí bí ọwọ́ Ìyá ṣe fẹ́ na oògùn náà sí obìnrin náà. Ìwà tó ti bá èèyàn dàgbà kì í kú ní ọjọ́ kan. Ó fi ọwọ́ òsì mú mọ́sà mìíràn, ó gbé e lé ọwọ́ obìnrin náà.

"Èyí ni tìrẹ." Ó di ọwọ́ ọ̀tún pọ̀ mọ́ oògùn. "Èyí, tèmi ni. Bí ẹ̀yìn bá ń ro ọ́, bá wa lọ lọ́la."

Kò sí ẹnìkan ládùúgbò yẹn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu Ìyá Àdìjátù rí. Tèmi. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ aṣọ tuntun wò lára.

Ràfátù gbé omi tì í, ó sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ó ti máa ń ṣe.

"Ràfátù."

"Ìyá."

"Kọjú sí mi."

Ó yíjú díẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Ìyá fi hóró náà sẹ́nu, ó mu omi lé e, ó gbé e mì. Ó la ẹnu gbàgà, ó gbé ahọ́n sókè, ó sì na ahọ́n náà jáde níwájú gbogbo èèyàn.

"Wò mí lẹ́nu, ọmọ mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni wàá máa wò mí láràárọ̀."

Ràfátù gbé ojú sókè, ó sì wò ó.